Lẹ́tà Tí N Kò Fi Ránṣẹ́ sí Nọ́wè

Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi gbé òkú kan kiri nínú fóònù mi. Mo ń gbé e wọ bọ́ọ̀sì láràárọ̀ láti Gascoigne tí mò ń gbé dé Thames View tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà tí mo bá ń fọ abọ́, olóòkú gan-an sì jókòó sí pálọ̀ nídìí fèrèsé, wọn ò mọ nǹkan kan. Àwọn tó mọ̀ mí máa ń sọ pé mi ò lè purọ́, pé ojú mi ló máa ń tú mi fó. Wọn ò mọ̀ mí tó bí wọ́n ṣe rò.

Mama ni mo ń pe olóòkú yìí. Wọn kì í ṣe ìyá mi. Òyìnbó ni wọ́n, ọmọ bíbí Dagenham, wọ́n ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tí mo wá ṣe ní London ló sì pa wá pọ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ní kí n máa pe orúkọ àwọn. Mo gbìyànjú ẹ̀, ẹnu mi kọ̀. Ẹni tó dàgbà ju ìyá tó bí mi lọ! Mo ṣàlàyé pé nílé wa, ìfọ́tí ló máa kẹ́yìn irú ẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n máa pe àwọn ní ohun tó bá wù mí, bá a ṣe fẹnu kò sí Mama nìyẹn. Ọkọ wọn ti kú, wọn ò sì bímọ. Ojú wọn ti bà jẹ́ láti àárín, wọ́n lè rí etí ìwé ṣùgbọ́n wọn ò lè rí ohun tí wọ́n kọ sójú ẹ̀, nítorí náà èmi ni mo ń ka gbogbo nǹkan tó bá wọlé: ìwé iná, ìwé omi, ìwé ọsibítù. Ohun tí mo bá kà fún wọn ni wọ́n gbọ́.

Mama ò mọ bàbá wọn. Láti kékeré ni ìyá wọn ti sọ fún wọn pé ojú ogun ni bàbá kú sí. Ìgbà tí ìyá náà ń kú lọ lórí ibùsùn ló tó yọ fọ́tò kan jáde lábẹ́ ìrọ̀rí: ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ súwẹ́tà, irun orí ẹ̀ funfun bí òwú, orúkọ ẹ̀ àti ti ìlú ẹ̀ wà lẹ́yìn fọ́tò ní pẹ́ńsùlù. Ọmọ Nọ́wè ni, atukọ̀ òkun tí ogun àgbáyé kejì gbé wá sí London. Ọkọ̀ wọn máa ń gúnlẹ̀ sétí odò Thames níhìn-ín, ibẹ̀ ló ti pàdé ìyá Mama tó ń ṣiṣẹ́ ní fákítọ̀rì kan. Ogun parí, ọkọ̀ gbéra, ìyá ti lóyún. Kò kú rárá. Ó kàn lọ ilé ni. Mama ti lé ní ogójì ọdún kí wọ́n tó gbọ́ èyí, ó sì dùn wọ́n débi pé wọ́n kó fọ́tò náà sínú dúrọ́ọ̀ fún ọdún púpọ̀.

Ojú wọn tó ń kú lọ ló gbé fọ́tò náà jáde padà. Dókítà sọ pé ó kù díẹ̀ kí ojú náà má ríran mọ́, Mama sì ní kó tó di pé ilẹ̀ ṣú, àwọn fẹ́ rí ilé bàbá àwọn. Wọ́n ra àyẹ̀wò DNA, èyí tí èèyàn máa ń tutọ́ sínú ìgò kékeré kan kó tó fi ránṣẹ́. Ẹnu Mama gbẹ. Gbogbo ọ̀sán la fi wá itọ́, mo ń ka orúkọ oúnjẹ tó dùn sí wọn létí kí omi lè sun lẹ́nu wọn. Nígbà tí èsì dé, ó ní ìdajì ara wọn, Skandinéfíà ló ti wá, ìyẹn apá ibi tí Nọ́wè àti àwọn aládùúgbò ẹ̀ wà. Láti ọjọ́ yẹn ni Mama ti ń rìn bí ọ̀gá àwọn atukọ̀. Èmi náà kà á níbì kan pé ẹja panla gbígbẹ tí ìyá mi máa ń fi se ọbẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló ń ti Nọ́wè wá. Mo wá a rí ní Barking, mo rẹ ẹ́, mo sè é fún wọn. Aládùúgbò tó wà lókè wá kan ilẹ̀kùn láti béèrè ohun tó kú.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló dá wa dúró jù. A kọ̀wé sí àwọn tó ń tọ́jú ìtàn ìlú tó wà lẹ́yìn fọ́tò yẹn, wọ́n dáhùn pé àwọn ò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Ó tó oṣù méjì tí a wà lórí ẹ̀. Lọ́jọ́ kan nínú bọ́ọ̀sì ni mo kà á pé láyé àtijọ́, oko tí àwọn èèyàn ibẹ̀ bá ń gbé ni wọ́n ń jẹ́ orúkọ ẹ̀, tí wọ́n bá sì kó lọ sí oko míì, orúkọ á yí padà. Mo bú sẹ́rìn-ín, ẹni tó jókòó tì mí yíjú wò mí. Bàbá bàbá mi náà, orúkọ agbolé ni gbogbo Ìjẹ̀bú fi mọ̀ wọ́n, orúkọ míì ló wà nínú ìwé owó orí. Mo sọ fún Mama pé ká má wá ọkùnrin náà mọ́, ká wá oko. A kọ̀wé padà, a ní kí wọ́n sọ fún wa ẹni tó gbé oko tó ń jẹ́ báyìí báyìí rí. Wọ́n ní ìwé kan tó sọ̀rọ̀ oko kọ̀ọ̀kan àti gbogbo ẹni tó ti gbé ibẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, èsì dé. Ìdílé náà kúrò ní oko yẹn nígbà tí bàbá Mama wà ní kékeré, wọ́n sì gba orúkọ tuntun, ṣùgbọ́n lórí omi, orúkọ àtijọ́ ló ń jẹ́. Ó padà sílé lẹ́yìn ogun, ó fẹ́yàwó, ó bí ọmọbìnrin kan. Ọmọ náà wà láàyè.

Bí Mama ṣe di ẹni tó ní àbúrò nìyẹn. Àbúrò ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀, ọmọ ẹ̀ obìnrin ló ń kọ ímeèlì fún un, èmi ni mo ń kà á fún Mama, èmi ni mo sì ń kọ èsì. Nínú ímeèlì àkọ́kọ́, ọmọ náà ní bàbá àgbà àwọn máa ń sọ pé òun fi nǹkan sílẹ̀ ní London, àwọn rò pé ẹrù ni. Mama ní kí n ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

A dá ọjọ́ sínú oṣù kẹfà. Èmi ni màá tẹ̀ lé wọn, mo gba ìsinmi mi síbẹ̀, mo sì lọ gba físà. Kí n sọ òótọ́, inú mi dùn ju ti Mama lọ. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, ibi tó jìnnà jù tí mo tíì dé ni Marks Gate, tí kò kúrò lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wa yìí náà, iṣẹ́ ló sì gbé mi débẹ̀. Mo ra kóòtù. Mo ti ń wo fọ́tò òkè àti omi wọn lórí fóònù nígbà tí mo bá jókòó jẹun.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ká gbéra nígbà tí ímeèlì yẹn wọlé. Ọjọ́rú ni, mo ń se ẹyin. Ọmọ àbúrò Mama kọ ọ́ pé ìyá òun kú lánàá, ọkàn ló dáṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tó ń ṣa aṣọ wọlé, àti pé ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìsìnkú. Ó bẹ̀ mí pé kí n sọ fún Mama jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹyin náà hó títí ó fi là. Mama pè láti pálọ̀ pé ṣé ìròyìn wà láti Nọ́wè. Mo ní rárá.

Nílé wa, wọn kì í kàn dédé túfọ̀ fún àgbàlagbà. Wọ́n á kọ́kọ́ ní ara ẹni náà ò yá. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á ní wọ́n ti gbé e lọ sọ́sibítù. Tó bá yá, àwọn àgbà méjì mẹ́ta á wá, wọ́n á jókòó, wọ́n á gba omi mu, wọ́n á sọ̀rọ̀ títí kí wọ́n tó débẹ̀. Ẹni tó bá sì ń múra ìrìn àjò, ó dìgbà tó bá dé kó tó gbọ́. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ mi ní èyí, bí mo ṣe mọ ìkúnlẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ríru Mama sì ń bẹ níbẹ̀, oògùn ẹ̀ wà lórí tábìlì níwájú mi.

Ṣùgbọ́n mi ò ní sá sábẹ́ àṣà. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn, kí n tó rántí ẹ̀jẹ̀ ríru ẹnikẹ́ni, ni pé ìrìn àjò mi ti bà jẹ́. Ìrìn àjò mi, mo ní. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ó sì yẹ kí n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún tí mo dé London, ìyá mi kú nílé, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi pamọ́ fún mi fún oṣù kan àtààbọ̀ torí pé mo ń ṣe ìdánwò iṣẹ́. Tí mo bá pè, wọ́n á ní Màámi ń sùn, Màámi wà ní balùwẹ̀. Mo ń ra oògùn orúnkún fún ẹni tó ti wà nínú ilẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́, oṣù márùn-ún ni mi ò fi bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀, mo sì búra pé mi ò ní ṣe irú ẹ̀ sí ọmọ èèyàn láyé.

Ọjọ́bọ̀, mo sọ fún Mama pé ara àbúrò ò yá díẹ̀, pé wọ́n ti gbé e lọ sọ́sibítù. Mo rò pé mo ń fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ mú ọ̀rọ̀ náà. Mama di ọwọ́ àga mú, wọ́n dìde dúró.

“Jẹ́ ká lọ báyìí,” wọ́n ní. “Yí tíkẹ́ẹ̀tì náà padà. Kí ni mo tún ń dúró dè?”

Ọjọ́ mẹ́jọ ló kù kí wọ́n sin àbúrò wọn. Ọkọ̀ òfuurufú kì í tó wákàtí mẹ́ta. Mo sọ fún wọn pé ọsibítù náà ò gba àlejò, kí wọ́n jẹ́ kí ara ẹ̀ yá ná. Mo rí i bí wọ́n ṣe gbà mí gbọ́. Wọ́n padà jókòó, wọ́n ní tí a ò bá lè lọ, kí n kọ lẹ́tà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é fún mi ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan:

“Àbúrò mi, wọ́n ní ara rẹ ò yá. Má dìde torí mi. Dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, mò ń bọ̀. Tí mo bá dé, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o sọ fún mi, bí bàbá wa ṣe máa ń rẹ́rìn-ín.”

Mo kọ ọ́ sínú fóònù. Mo ní mo ti fi ránṣẹ́. Ta ni màá fi ránṣẹ́ sí?

Lọ́jọ́ Àìkú, mo sọ ọ́ fún Ìyá Ìjọ wa lẹ́yìn ìsìn. Ìjọ Aládùúrà ni wá, a máa ń ṣe ìsìn ní gbọ̀ngàn kan tí a háyà ní Barking, Ìyá Ìjọ sì ni gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ ń kó ẹjọ́ lọ bá.

“Ṣé o fẹ́ pa ìyá oníyàá ni?” wọ́n ní. “With that BP wọn? Má tíì tell wọn o. Àwa náà máa tẹ̀ lé ẹ lọ, we will sit with them, a máa sọ ọ́ properly.”

Ara tù mí. Mo tún pe ẹ̀gbọ́n mi nílé, mo ro gbogbo ẹ̀ fún wọn.

“Ṣé o ti wá rí i báyìí?” wọ́n ní. “Kì í ṣe wickedness. Èèyàn kàn ń wá day tó dáa ni, day yẹn ò sì wá.”

Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ Nọ́wè yẹn tún kọ̀wé. Ó ní àwọn ti fi ìjókòó kan sílẹ̀ fún Mama níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Tí wọn ò bá lè wá, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí òun máa kà. Ìgbà yìí ni mo ṣe èyí tó burú jù. Mo dáhùn ní orúkọ Mama. Mo ní ara mi ò gbà mí láti rìnrìn àjò, mo kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére sí àbúrò mi ọ̀wọ́n, mo kọ ọ́ dáadáa, ó dùn ún kà. Mama ń gbọ́ rédíò ní yàrá kejì.

Ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n sin òkú, èmi àti Mama lọ ra bàtà ní Barking. Wọ́n fẹ́ èyí tí omi ò lè wọ̀, torí wọ́n gbọ́ pé òjò pọ̀ níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ń so okùn bàtà fún wọn, Mama bi mí bóyá àwọ̀ ẹ̀ máa wu àbúrò àwọn. Mo ní ó máa wù ú. Mo wo aago ara ògiri ṣọ́ọ̀bù, mo mọ̀ pé wọ́n ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n rìn lọ rìn bọ̀ nínú bàtà náà bí ọmọdé, mo ń pàtẹ́wọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú kejì, Ìyá Ìjọ àti obìnrin kan tẹ̀ lé mi láti ibi ìsìn, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú aṣọ funfun. Ẹni tó ń rìn lọ ní Thames View ń yà fún wa. Mama fúnra wọn ló ṣí ilẹ̀kùn, inú wọn dùn, wọ́n rò pé a wá gbàdúrà fún àbúrò àwọn ni, torí wọ́n ti bẹ̀ mí pé kí ìjọ wa máa rántí ẹ̀. Wọ́n fi tíì lọ̀ wá. Ìyá Ìjọ jókòó, wọ́n gba omi mu, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn réré: Ọlọ́run ló ń fúnni, Ọlọ́run ló ń gbà, gbogbo wa là ń lọ. Mama yíjú kúrò lọ́dọ̀ wọn, wọ́n kọjú sí apá ibi tí mo wà.

“Ṣé ó ti kú?” wọ́n ní.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ṣé wọ́n ti sin ín?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, lọ́jọ́ Jímọ̀.

Mama ò sunkún. Bàtà tuntun náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn nínú páálí ẹ̀.

“Ọjọ́ Jímọ̀,” wọ́n ní. “Ọjọ́ tí a lọ ra bàtà.” Nígbà tó yá wọ́n ní, “Ìyá mi náà ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Gbogbo ẹni tó fẹ́ràn mi ló ń bá mi pinnu ohun tí mo lè gbọ́.”

Ìyá Ìjọ bẹ̀rẹ̀ orin, kò sẹ́ni tó gbè é. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀, èyí tí mo kọ ní orúkọ wọn, àti èyí tí mi ò fi ránṣẹ́. Mo tiẹ̀ jẹ́wọ́ ti kóòtù tí mo rà. Mama ní kí n dìde, pé ilẹ̀ tutù.

Wọn ò fẹjọ́ mi sùn níbi iṣẹ́. Ì bá tù mí lára tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣì ń jẹ́ kí n wẹ̀ wọ́n, kí n fún wọn lóògùn, wọ́n sì ń kí mi dáadáa. Ṣùgbọ́n wọ́n lọ ra awò ńlá kan tó ń sọ ọ̀rọ̀ kékeré di gàdàgbà, tí lẹ́tà bá sì dé báyìí, wọ́n á gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, wọ́n á máa kà á ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Ojú ewé kan lè gbà wọ́n ní odindi àárọ̀. Mo jókòó síbẹ̀, ojú mi ríran kedere, wọn kì í gbé e fún mi.

Wọ́n ní àwọn ṣì máa lọ Nọ́wè. Obìnrin tó wà lókè, ẹni tó wá bínú nítorí panla, ni wọ́n bẹ̀ pé kó tẹ̀ lé àwọn. Mo ní ó dáa. Físà mi wà nínú pásípọ́ọ̀tù níbẹ̀, mi ò lò ó. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò, mo ń bá wọn di báàgì, mo ti kó bàtà náà sísàlẹ̀, Mama bi mí pé ṣé lẹ́tà yẹn ṣì wà nínú fóònù mi.

Mo ní ó wà níbẹ̀.

Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sórí ìwé, kí n kọ ọ́ gàdàgbà kí ojú àwọn lè gbé e, àwọn máa kà á létí sàréè. Mo jókòó sídìí tábìlì, mo fi bírò dúdú bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́rin mẹ́rin ló gba ojú ewé kan. Àbúrò mi, wọ́n ní. Mo dúró níbẹ̀. Mo bi wọ́n bóyá kí n yọ ibi tó ti ní ara àbúrò ò yá kúrò, torí irọ́ tí èmi pa ló wà níbẹ̀.

“Má yọ nǹkan kan,” Mama ní. “Kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Mo fẹ́ kó mọ ohun tí wọ́n sọ fún mi. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé ká ní mo gbọ́ ni, ǹ bá ti wá.”

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.